Ibi Ìpamọ́ Kan fún Kọ̀ǹpútà Méjì

Màámi,

Ara mi le koko. Kódà, wọ́n ti gbé mi sí ìdí fèrèsé níbi iṣẹ́, níbi tí ọ̀rẹ́ mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ń jókòó tẹ́lẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ kan fún kọ̀ǹpútà ńlá méjì, mo gbàgbé ètò tó ń jẹ́ kí wọ́n gba ara wọn láyè. Ni wọ́n bá ń kọ̀wé lé ara wọn lórí, bí orogún tó ń du ìkòkò kan. Àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn wa bàjẹ́. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi ni mo fi wọlé sórí ẹ̀rọ, bí a ti máa ń ṣe. Wọ́n bi wá pé ta ló ṣe é. Mo jẹ́ kí wọ́n gbà pé òun ni. Òun ni wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ ní kí n bá yín kí i. Mo ti kí i lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ, Màámi. Ó ní ẹ ṣeun.