Púlọ́ọ̀gì Mẹ́rin Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Dè Pa

Èmi ni mo ba ọkọ̀ náà jẹ́, kì í ṣe mẹkáníìkì. Hẹn, mo ti sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri, mi ò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún nínú gbogbo Kabba yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sí ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí tí ẹ ò mọ̀ mí rí. Ẹ má wulẹ̀ wádìí orúkọ mi. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi tán ná, kí ẹ tó bú mi.

Opó ni mí. Tíṣà lọkọ mi, Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é, Tíṣà lèmi náà ń pè é. Ó kú nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. A ò bímọ... ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ẹ má baà máa bi mí. Ohun tá a ní ò ju ilé kékeré kan lẹ́yìn ọjà àti Fọ́ksì búlúù kan, ìjàpá yẹn, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí nọ́ńbà KW ara rẹ̀ ti ń ṣí. Tíṣà kì í sọ̀rọ̀ o. Tó bá ti iléèwé dé, á jẹun, á kàwé, ó parí. Ṣùgbọ́n Sátidé tó bá fẹ́ tú púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ rẹ̀, èyí tó ń tanná sí ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu rẹ̀ á là! Á ní kí n wá bá òun di súpánà mú, á máa kọ́ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní, pé tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe irin líle, alumíníọ́ọ̀mù ni, bí ìkòkò ìdáná wa, ó rọ̀, púlọ́ọ̀gì ló le. Pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ tú u nígbà tó bá gbóná, tírẹ́ẹ̀dì, ìlà wínníwínní tó yí i ká, á jẹ. Pé tó bá dè é nígbà tó gbóná, bó bá tutù tán, ó há nìyẹn. Ọwọ́ lásán la fi ń kọ́kọ́ yí i wọlé, lẹ́yìn náà la ó wá fi súpánà fún un díẹ̀, díẹ̀ péré. Á fọ̀bẹ họ dúdú inú pẹ́ńsù àwọn ọmọ iléèwé, á pò ó mọ́ gíríìsì, á fi ra tírẹ́ẹ̀dì kó má baà há lọ́jọ́ iwájú. Ọdún mọ́kànlá la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ nìkan la ti ń sọ̀rọ̀ bíi tọkọtaya. Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín, mo mọ̀, àmọ́ títí dòní, tí mo bá gbóòórùn bẹntiróòlù, màá wẹ̀yìn wò bóyá Tíṣà ni.

Nígbà tá a ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀ tán ni àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba n'Ílọrin pè mí jókòó. Akọ́wé ni mò ń pè é, torí ìyàwó ilé kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti wà nílé yìí kó tó mọ ṣòkòtò gígùn wọ̀. Ó ní kí n máa gbé inú ilé, kò sẹ́ni tó máa lé mi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún opó, ti ìdílé ni, òun á wá gbé e tí òjò bá dá. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ṣé mo mọ ọkọ̀ wà ni? Mi ò mọ̀ ọ́n wà. Akọ́wé ò ṣáà mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo ń lọ jókòó sínú rẹ̀, lápá ọ̀tún níbi tí mo máa ń jókòó, tí màá sì máa ròyìn ọjà fún ìjókòó tí ẹ̀yìn Tíṣà ti tẹ̀ wọnú. Kò dáhùn nígbà tó wà láyé náà, kí ló wá yàtọ̀? Inú ilé ńkọ́? Inú ilé ti dákẹ́ jù. Mi ò gúnyán mọ́ látìgbà tó ti kú... ta ni mo fẹ́ gún un fún?

Ẹ wá gbọ́ ìwà tí mo hù. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan tí gbogbo àdúgbò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa dún títí ó fi gbóná janjan. Mo pa á. Mo tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n jáde wọ́ọ́rọ́, ṣé Tíṣà ti fi pẹ́ńsù ra wọ́n. Mo kó àwọn púlọ́ọ̀gì tó ti kú, tí Tíṣà máa ń jù sínú agolo mílíìkì, mo fi omi iyọ̀ ra tírẹ́ẹ̀dì wọn, mo sì dè wọ́n síbẹ̀ nínú gbígbóná yẹn. Mo ki páìpù bọ ìdí súpánà kó lè gùn, mo wá tì í. Obìnrin tó ti gúnyán fún ọdún mọ́kànlá, ṣé ẹ rò pé kò lágbára ni? Ó jó mi lọ́wọ́, àpá rẹ̀ rèé. Gbogbo ohun tó kọ́ mi pé kí n má ṣe ni mo ṣe, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń ṣe é.

Òjò dá, Akọ́wé dé. Ó mú bátìrì tuntun wá, ó sì mú mẹkáníìkì tó máa ń bá Tíṣà tọ́jú ọkọ̀ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Mùsá, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ará Ẹ̀gbẹ̀ ni, abẹ́ igi máńgòrò kan nítòsí gáréèjì ló ti ń ṣiṣẹ́, jẹ́jẹ́ ló ń ṣe tiẹ̀. Ọkọ̀ ò ṣíná. Mùsá ní púlọ́ọ̀gì ni. Ó fà á, fà á, kò sí èyí tó mì. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun da kẹrosíìnì sí i di ọ̀la. Akọ́wé ní òun ò lè sùn ní Kabba, pé kó fagbára tú u, àbí kò lágbára ni? Mùsá fagbára sí i. Tánganran funfun orí púlọ́ọ̀gì ìkẹta ṣẹ́, káú! Akọ́wé bú u bí ẹni ń bú olè, ó pè é ní òfùtùfẹ́tẹ̀, ó ní ó ti pa ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n òun. Ó lọ sọ ọ́ ní gáréèjì létí gbogbo dírẹ́bà. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo fi ìborùn bo àpá ọwọ́ mi.

Ọkọ̀ wá di tèmi, àbí? Akọ́wé ní kó jẹrà síbẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo ń gba abẹ́ máńgòrò yẹn kọjá tí mo bá ń lọ ọjà, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Mùsá wá sílé mi. Ó kí mi bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa níbí, ó ní okun o, Ìyá. Ó dọ̀bálẹ̀... ó dọ̀bálẹ̀ fún èmi! Ó ní kí n má bínú pé òun ba ohun tí Tíṣà fi sílẹ̀ jẹ́, pé òun mọ̀ pé ó yẹ kí òun ta kú pé kó di ọ̀la. Ó gbé iṣu mẹ́ta sílẹ̀ láti fi bẹ̀ mí. Ó ní tí oṣù yìí bá parí, òun ń padà sí Ẹ̀gbẹ̀ lọ dáko. Mo gba iṣu náà. Ẹ gbọ́ mi? Mo gbà á, mo dúpẹ́. Ó ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, mi ò lè fọwọ́ kàn án.

Látọjọ́ yẹn, láràárọ̀ kí oòrùn tó mú ẹ́ńjìnnì gbóná, mo ń kán kẹrosíìnì sí ìdí wọn. Mo ń yí wọn síwájú bíńtín, mo ń dá wọn padà, bí Tíṣà ṣe kọ́ mi, láìfagbára. Mẹ́ta ti jáde, tírẹ́ẹ̀dì wọn ò sì jẹ. Ó ku ìkẹta, èyí tí orí rẹ̀ ṣẹ́. Láàárọ̀ yìí ó dún kín-ín, ó mì. Ọwọ́ mi dúró.

Àwọn mẹ́rin tó dáa tí mo tú lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, pẹ́ńsù Tíṣà ṣì wà lára wọn. Tí mo bá dè wọ́n, ọkọ̀ á ṣíná, gáréèjì á gbọ́ ọ, orúkọ Mùsá á mọ́, kò sì ní í lọ mọ́. Ọjọ́ tí Akọ́wé bá gbọ́ ni ọkọ̀ náà ń lọ sí Ìlọrin. Ṣé kí n kàn tún un ṣe kí n dákẹ́? Àbí kí n lọ sí gáréèjì lọ jẹ́wọ́, kí n fi àpá ọwọ́ mi hàn wọ́n? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ opó, ẹ̀yin ọkùnrin náà, ẹ jọ̀ọ́, ta ni màá máa ròyìn ọjà fún? Inú ọkọ̀ yìí ni mo jókòó sí tí mò ń kọ ọ́, súpánà wà lórí itan mi, oṣù sì ti ń parí lọ. Ó ku ìyípo kan péré. Ṣé kí n yí i?