Àga tó Di Ṣòkòtò Mi Mú

Agége, Sátidé, oṣù Keje, 1956

Mo parí àga ẹlẹ́sẹ̀ kìnnìún, irú ti àwọn òyìnbó àtijọ́. Ìyàwó mi kọ̀, kò jókòó sí i. Èyí tí mo ṣe níjọ́sí fọ́ mọ́ ìyá rẹ̀ nídìí, mo sì ní Màmá ló sanra jù. Irọ́ ni. Ìṣó lásán ni mo kàn. N kò gbẹ́ ihò kí n ti igi bọ inú igi.

“Bàbá Súlè, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná.”

Mo jókòó. Òjò ọ̀sẹ̀ yìí kò jẹ́ kí fáníìṣì tí mo fi kun àga náà gbẹ…

“Ó yá, ẹ dìde.”

N kò lè dìde. Ó fà mí títí, ẹ̀rín ń pa á. Ṣòkòtò mi ya, àga kò mì.

“Eléyìí lágbára! Tó bá gbẹ, ẹ lọ bẹ Màmá kí wọ́n wá jókòó.”

Ẹ̀bẹ̀ yẹn ni mo ń gbẹ́ lọ́kàn báyìí. Ó le ju igi ìrókò lọ.