Èyí Tó Ń Wọ Inú Etí àti Èyí Tó Ń Gun Orí

Ọ̀wọ̀,
Ọjọ́ Ajé, oṣù Kẹsàn-án, 1991.

Christopher ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, kí ó bá ọ ní àlàáfíà. Bí ó bá sì bá ọ lórí ìdúró, wá ibì kan jókòó sí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Àdúrà wa ni pé Ọlọ́run tí kì í sùn kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì, ọ̀gá rẹ kò ní bínú ọ, oúnjẹ tí o ń rà jẹ níta kò ní di àìsàn sí ọ lára. Ìyá rẹ Monica ní kí n kí ọ. Ó ní kí n kí ọ dáadáa, kí n má kí ọ bí ẹni tó ń kọ ìwé sí ìjọba.

Ilé dára. Iṣu tí ìyá rẹ gbìn sí oko Ìmọ̀rù ta gan-an lọ́dún yìí. Hàmídù aránṣọ, aládùúgbò wa, ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, kò sì jẹ́ kí a gbádùn ariwo rẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì mi nígbà tí wọ́n bá rántí pé mo ti fẹ̀yìntì.

Ẹrù tí o fi rán awakọ̀ sí mi dé láìfọ́. Wọ́kúmánì náà, ẹ̀rọ tó ń kọ kásẹ́ẹ̀tì, kéré, ó mọ́, ó sì wọ àpò agbádá. Mo ka ohun tí o kọ, pé oríṣi ohun ìgbọ́rin méjì ni o fi sí i, èyí kékeré tó ń wọ inú etí àti èyí ńlá tó ń gun orí bo etí méjèèjì, pé kí n dán méjèèjì wò, kí n mú ọ̀kan, kí n fi èkejì rán awakọ̀ náà nígbà tó bá ń padà sí Èkó lónìí, torí pé ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ ni o ti gba méjèèjì. O ṣeun, ọmọ mi. O kò mọ ìtìjú tí o fẹ́ gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ. Láníyì, tíṣà tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa báyìí, ọmọ tí mo bá nínú ìdọ̀tí nígbà tí mo ń ṣe wolé-wolé, tí mo sì pàṣẹ fún ìyá rẹ̀ pé kó wẹ̀ ẹ́, òun ló dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́ tó ní béèsì mi máa ń dé ilé lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti jẹun tán. Ó ní òun yóò gbọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tí kò bá lè bá orin ìkórè lọ yóò kúrò láàárín akọrin, yóò máa gbé àpò ọrẹ kiri. Christopher, ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kọ béèsì. Ibì kan náà ni mo ń dúró sí, ilẹ̀ ibẹ̀ ti mọ ẹsẹ̀ mi. Kí n wá máa gbé àpò lọ bá àwọn tí mo ti bá wí nítorí ṣálángá? Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ ọ́ fún ẹ̀rọ, kí n lè máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì orin náà ní àgbọ́túngbọ́.

Èyí kékeré ni mo kọ́kọ́ dán wò. Wolé-wolé ni mí, n kò lè fi ohun tó ti wọ inú etí ẹlòmíràn sínú tèmi bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo fi omi ọṣẹ wẹ orí rẹ̀ méjèèjì, mo sì sá a sórí okùn aṣọ títí ó fi gbẹ. Nígbà tí mo wá kì í bọ etí, apá ọ̀tún ń kọrin, apá òsì dákẹ́. Mo ní omi ló kó sí i, mo tún sá a lọ́jọ́ kejì. Ó dákẹ́ síbẹ̀. Ni mo bá pààrọ̀ wọn, mo fi ti òsì sí ọ̀tún, mo fi ti ọ̀tún sí òsì. Èyí tó dákẹ́ tẹ́lẹ̀ ló wá ń kọrin, èyí tó ń kọrin tẹ́lẹ̀ ló dákẹ́. Mo jókòó, mo rò ó títí. Mo rí i pé ọ̀lẹ ló wà nínú wáyà náà, bí apá kan bá ti ń ṣiṣẹ́, èkejì á máa sinmi, bí àwọn kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ìjọba. Mo ká a, mo fi kọ́ ìṣó, mo ní Èkó ni yóò padà sí.

Ló wá kan èyí ńlá. Ìyẹn ni ẹ̀rọ. Irin pẹlẹbẹ kan gba àárín orí kọjá, ìdérí méjì tó fẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ bo etí, ó sì rọ̀ bíi tìmùtìmù. Mo yí ohùn rẹ̀ sókè dé òpin, n kò sì gbọ́ ayé mọ́. N kò gbọ́ ẹ̀rọ Hàmídù, n kò gbọ́ ìyá rẹ, ìsinmi dé bá mi. Mo gbé àga sí ojúde, mo ń kọ béèsì mi lábẹ́lẹ̀, tàbí ohun tí mo rò pé ó jẹ́ abẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ jáde síta, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo rò pé orin náà ti wọ òun náà lára, mo júwọ́ sí i, mo di ojú, mo sì gbé ohùn mi sókè sí i nítorí tirẹ̀.

Orin náà kò jẹ́ kí n rántí pé ọdún Ìgogo la wà. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ọ́, o mọ̀ ọ́n: bí a bá ti ń ṣe Ìgogo, ìlù kò gbọdọ̀ dún nínú ìlú, agogo nìkan ni, okùnrin kò gbọdọ̀ dé fìlà, obìnrin kò gbọdọ̀ wé gèlè. Èmi ti fi fìlà mi kọ́ ilé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, Kátólíìkì ni mí ṣùgbọ́n n kì í rú òfin ìlú. Bí mo ṣe lajú, àgbààgbà mẹ́rin ti yí mi ká, Bàbá Olúgbádé tó jẹ́ àgbà àdúgbò wa ló ṣáájú wọn. Mo ṣí etí kan. Ó bi mí pé kí ló wà lórí mi. Mo ní ohun ìgbọ́rin ni. Ó ní òun kò béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ibi tó jókòó sí lòun ń béèrè. Ó ní ohunkóhun tó bá gun orí lásìkò Ìgogo, fìlà ni, tí fìlà náà bá wá tún ń lu ìlù nínú, òun kò mọ orúkọ tí òun yóò pe ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Mo ní ìlù náà kò dún ní Ọ̀wọ̀, inú kásẹ́ẹ̀tì ló ti ń dún. Hàmídù fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀, ó wá jẹ́rìí. Ó ní láti kékeré lòun ti ń rán fìlà, pé fìlà tí òjò lè gba àárín rẹ̀ rọ̀ sí ẹni látàrí kì í ṣe fìlà, òun kò sì jẹ́ gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí irú rẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Níkẹyìn Bàbá Olúgbádé ní a kì í dá ẹjọ́ ohun tí a kò gbọ́, kí n gbé e wá. Ó gbé e wọ̀. Ọmọ mi, bàbá náà jókòó sórí àga mi. Ojú rẹ̀ pa dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, kò sì pẹ́ tó fi ń kọ orin ìkórè àwa Kátólíìkì tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́, òun nìkan ni kò mọ̀. Àwọn àgbà mẹ́ta yòókù ń wo ilẹ̀. Nígbà tí ojú kìíní kásẹ́ẹ̀tì tán, Hàmídù dọ̀bálẹ̀, ó fi ọ̀wọ̀ bi í pé kí ló wà lórí bàbá. Bàbá rọra ṣí i kúrò. Ó ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kì í ṣe fìlà. Ó ní ìlù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi etí wá a ló ń rí i, kí n máa gbọ́ ọ nínú yàrá títí Ìgogo yóò fi parí, kí n sì jẹ́ kí òun yẹ ojú kejì wò lọ́la.

Mo wọlé pẹ̀lú ìdùnnú, mo ní èyí ńlá ni mo mú. Ìyá rẹ gba wọ́kúmánì lọ́wọ́ mi, ó ní kí òun náà gbọ́ ohun tó fẹ́ fi òun ṣe opó. Èyí kékeré tó wà lórí ìṣó ló mú, ó kì í bọ etí méjèèjì. Mo ní kó má dààmú, wáyà ibẹ̀ ya ọ̀lẹ. Ó ní apá méjèèjì ń kọrin. Mo ní irọ́ ni. Ó yọ ọ̀kan, ó fi sí etí òsì mi, ó dákẹ́. Ó mú ọ̀kan náà, ó fi sí ọ̀tún, ó kọrin. Ó ṣe èkejì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ etí òsì mi, ó ta ìka. Mo rí i tó ta á, Christopher, n kò gbọ́ ọ.

Ẹ̀rù bà mí. N kò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù bà mí gidigidi. Wáyà kò ya ọ̀lẹ, etí mi ló ti kú lápá kan, ariwo èyí ńlá ni kò jẹ́ kí n mọ̀. Apá òsì mi gan-an ni dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wà, Láníyì kò parọ́ mọ́ mi. Mo ti ń bú ọmọ ọlọ́mọ láìnídìí, n ó sì máa bú u lọ nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó sọ yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pín èyí kékeré. Ọ̀kan ní etí ọ̀tún mi, ọ̀kan ní etí òsì ìyá rẹ. Wáyà náà kò gùn, bí a kò bá sún mọ́ra yóò yọ, ó sì ti pẹ́ tí a ti sún mọ́ra bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn láìjẹ́ pé òrùlé ń jò. Níbi tí béèsì bá ti fẹ́ wọlé, ìyá rẹ yóò fi ìka lu itan mi. Lọ́jọ́ Sátidé, mo kọ etí ọ̀tún mi sí dùùrù, ìyá rẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó ń fi ìka lu itan ara rẹ̀, mo ń wò ó. Bí ìka rẹ̀ ṣe wọlé ni mo wọlé. Láníyì ní kí n tún un kọ, mo tún un kọ. Ó wò mí, ó wo ìyá rẹ, ó ní kí n máa dúró sí ibi tí mo ń dúró sí, kí màmá náà sì máa jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ní kọrin, torí òun ti gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Nítorí náà mo dá èyí ńlá padà. Bàbá Olúgbádé ti wá kí i pé ó dìgbóṣe láàárọ̀ yìí, ó sì ní kí o bá òun bi ọ̀rẹ́ rẹ bóyá ó lè tà á fún òun. Fi owó bátìrì ránṣẹ́ o, kí o sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹnu méjì ló ń jẹ bátìrì náà báyìí. Bí owó bá ṣẹ́ kù, ìyá rẹ ní bàtà òun kò yẹ bẹ́ǹṣì iwájú.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀. Ohun rere ni etí rẹ yóò máa gbọ́, lọ́tùn-ún àti lósì, fún ọdún púpọ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá sì kọ̀ láti gbọ́, kí ó bá ẹnì kan nítòsí rẹ tí yóò rí i kí ìwọ tó rí i, tí kò ní pariwo.

Èmi ni bàbá rẹ,
Boniface