Ta Ló Ń Gbọn Ọwọ́ Mi?

Ọmọbìnrin mi, ọmọ tí mo bí tí mo fi ń yangàn,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àfẹ́sọ́nà rẹ náà ń gbádùn? Ẹlẹ́dàá á máa ṣọ́ ọ ní àlọ àti ní àbọ̀, ojú ibi ò ní rí ọ. Àwa náà wà, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ń fu mí nínú ilé yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ti ìlẹ̀kùn mọ́rí kí n tó mú bírò.

Ẹnì kan ń bá ọwọ́ mi ṣeré. Mo rán ṣòkòtò fún tíṣà, ojú rírán rẹ̀ wọ́ bí ipa ìgbín, mo ní Epo-Ò-Tán tó máa ń bá mi tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ló bà á jẹ́ kí n lè tún pè é. Ó wá, ó jókòó, ó rán àkísà kan gbọọrọ, ó tọ́ ṣánṣán, ó ní ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan. Mo ní òun ló mọ ohun tó ṣe sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni sísọ́ọ̀sì mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo bá a nínú bàtà, mo bá a lábẹ́ ìrọ̀rí, ìyá rẹ sì ní èmi ni mò ń gbé e síbẹ̀. Ó tún ní mò ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí mo bá ń rìn. Mo ní ilẹ̀ yàrá ni kò tẹ́jú mọ́.

Ó tàn mí lọ sílé ìwòsàn. O mọ̀ pé ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti òun ti ń gba oògùn kòkòrò HIV níbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí nọ́ọ̀sì ní kí n máa fi àtàǹpàkò kan ìka kejì kíákíá, mo bi í pé owó ta ni a fẹ́ kà. Ó ní kí n rìn dé ibi fèrèsé kí n padà, kò sì rán mi ní nǹkan kan níbẹ̀. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún mi, ó ní òun á béèrè wọn tó bá yá. Mo wò ó tìyanu-tìyanu. Ẹni tó ní bírò àti ìwé níwájú, kí ló dé tó jẹ́ orí mi ló fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí? Nígbà tó béèrè, mo ní ìgò, mo ní àkàbà, ẹ̀kẹta ò wá. Mo ní méjì péré ló sọ. Ìyá rẹ dorí kodò, ìyẹn ló dùn mí jù.

Dókítà ní kòkòrò náà kì í dúró sínú ẹ̀jẹ̀ nìkan, ó máa ń wọ inú ọpọlọ, bí oògùn ò bá sì ká a lọ́wọ́ kò, ó lè ṣe ọpọlọ léṣe, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ ló ń rán ọwọ́ àti ẹsẹ̀ níṣẹ́, òun náà ló ń tọ́jú ohun tí a mọ̀. Ó ní bí bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ bá dẹ̀, ẹsẹ̀ lè máa tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ á kàn máa ṣe ségesège ni. Ara fu mí. Ta ló sọ fún un pé télọ̀ ni mí? Ìgbà tí a délé ni mo rí i pé téèpù ṣì wà lọ́rùn mi.

Ó bi mí bóyá mò ń lo oògùn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára mi sì tú mi fó. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣòfófó. Ọmọ mi, ó lé lọ́dún kan tí wọ́n ti yí oògùn yẹn padà, èyí tó funfun tẹ́lẹ̀ di búlúù, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi, mo ní wọn ò ní fi mí dán nǹkan wò, ni mo bá ń dà á sínú agolo bọ́tìnì. Mo gbàgbé pé ìyá rẹ ló máa ń kan bọ́tìnì. Ó tú agolo náà sórí tábìlì, oògùn ń yí gbirigbiri kiri ilẹ̀. Ó gbé ìgò tirẹ̀ wá, búlúù kan náà, ó gbé ọ̀kan mì lójú mi. Obìnrin yẹn ṣì ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ọ̀sì ti tẹ nǹkan sínú fóònù mi, ó ń ké láago mẹ́jọ àárọ̀ kí n lè lo oògùn. Mo fi aṣọ wé e kó má bàa rí mi, síbẹ̀ ó mọ̀. Mi ò tíì mọ ẹni tó ń ròyìn mi fún. Ọ̀sẹ̀ keje rèé tí mo ti ń gbé e mì, ọwọ́ ọ̀tún ti ń gbọ́ràn díẹ̀, dókítà ní nǹkan lè sunwọ̀n sí i, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ ló máa padà.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ilé ìwòsàn ránṣẹ́, kí o fi ti bàtà tí kò lókùn kún un, okùn bàtà kì í gbà kí n so ó mọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ ìgbéyàwó rẹ ló ká mi lára jù. Mo ti búra pé ọwọ́ ẹlòmíràn ò ní kàn án. Láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún márùn-ún ni mo ti ń ránṣọ fún ọ, mi ò kọ ìwọ̀n rẹ sílẹ̀ rí, orí mi ló wà. Lánàá mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀, mo mú ṣọ́ọ̀kì. Èjìká wà, gígùn apá wà, ìbàdí ti lọ. Mo wá ẹni tí màá fura sí títí, mi ò rí ẹnì kankan. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Fi ìwọ̀n rẹ ránṣẹ́ sí mi, má sì sọ fún ìyá rẹ pé mo béèrè.

Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọsẹ̀, ohun tí o mọ̀ ò ní fi ọ́ sílẹ̀. Wàá wọ aṣọ náà láyọ̀, ojú mi á rí i.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀.

Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa. Ewúrẹ́! Ewúrẹ́ ni ọ̀rọ̀ kẹta tí nọ́ọ̀sì sọ. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi o, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá.