Nọ́ọ̀sì Tí Kì Í Kí Ènìyàn Kí Ó Tó Wo Ojú Rẹ̀

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ bá wa dúró lónìí, ẹ ṣé. Ọdún 1949 ni wọ́n bí Màmá wa, nínú ilé kékeré kan tó kọ ẹ̀yìn sí ojú irin. Káfíńtà ni bàbá tó bí wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Àwọn ni àkọ́bí. Kò sí ọba nínú ìdílé náà, kò sì sí olówó. Ilé oníṣẹ́ ọwọ́ ni. A sọ èyí nítorí pé Màmá kì í fẹ́ kí wọ́n fi adé tí kò sí dé òkú lórí.

Wọ́n lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ní ìlú tí wọ́n bí wọn sí. Bí wọ́n bá ti ti ilé ìwé dé, ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ìyá wọn ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á máa tú okùn, wọ́n á máa ṣẹ́ etí aṣọ. Ní 1968 wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́, wọ́n tún un ṣe, wọ́n yege. Ní 1973 wọ́n fẹ́ bàbá wa, olùkọ́ ìṣirò, ẹni tó jẹ́ pé bí orí mímì bá tó, kì í la ẹnu.

Ní 1975 wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀. Ibẹ̀ kò tóbi: yàrá ìdúró kan tó kún fún bẹ́ǹṣì, yàrá àyẹ̀wò kan, àti fáànù òkè àjà tó máa ń dún bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Kò pẹ́ tí wọ́n débẹ̀ ni bíríkìlà kan wọlé láàárọ̀. Màmá kí i pé ṣé ara le, ó ní a dúpẹ́. Láàrin wa, bí iná bá tilẹ̀ ń jó ènìyàn, a dúpẹ́ náà ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ọkùnrin náà fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún obìnrin tó gbé ọmọ dání, ó tún fi í sílẹ̀ fún bàbá arúgbó kan. Gbogbo ènìyàn ń yìn ín pé ọmọlúàbí ni. Nígbà tí yóò fi kàn án, ó ti kú, ó fara ti ògiri. Ẹni tó jókòó tì í tilẹ̀ ti bá a ṣa fìlà rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀, ó rò pé oorun ni. Màmá kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ìkíni àwọn àti ìwà pẹ̀lẹ́ ọkùnrin náà ló pa á, àrùn ọkàn kàn bá wọn dá sí i ni.

Láti ìgbà náà ni àwọn àti dókítà ti yí ọ̀nà iṣẹ́ padà. Ẹni tó bá wọlé, Màmá á kọ́kọ́ wo ètè rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó tutù, wọ́n á ní kí ó sọ ibi tó ń gbé. Ẹni tí èémí kò bá jẹ́ kó parí gbólóhùn kan kò gbọdọ̀ jókòó de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ lójijì, tàbí tí apá rẹ̀ kan kò bá gbé sókè mọ́, kò sí pé ó kàn án tàbí kò kàn án. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó máa ń kí ènìyàn, bí wọ́n bá rántí. Àdúgbò sọ wọ́n ní Nọ́ọ̀sì Má-kí-mi. Wọ́n ní ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn kò dára. Màmá kò jiyàn.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, dókítà á dùbúlẹ̀ sílẹ̀ yàrá ìdúró bí ẹni tó dákú, kí kálukú lè mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Màmá á mójú tó èémí, akọ̀wé á pe ọkọ̀ áńbúláǹsì, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ á kó èrò jáde. Obìnrin yìí máa ń ṣàròyé pé kò síbi tí dókítà lè dákú sí, àfi ibi tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Ní 2004 ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹbí mọ̀ ṣẹlẹ̀. A ó sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ẹnu ti pọ̀ lórí rẹ̀. Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, yà sí ọ́fíìsì nínú aṣọ tuntun. Ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní àwọn kàn ní kí àwọn kí ìyàwó àwọn, kí àwọn sì gba oògùn eyín, nítorí àgbọ̀n ń dun àwọn. Màmá kò kúnlẹ̀, wọn ò kí wọn. Wọ́n rí i pé Àǹtí Àgbà ń làágùn lábẹ́ fáànù, ètè wọn sì ti funfun. Màmá ní kí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àǹtí Àgbà yíjú sí àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n bi wọ́n bóyá báyìí ni ìyàwó ilé ṣe ń gba ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ọ̀rọ̀ náà kò parí tí wọ́n fi ṣubú. Èémí dúró.

Akọ̀wé ti gbé fóònù, dókítà ti ń sáré bọ̀. Àmọ́ obìnrin tó yẹ kó kó èrò jáde dúró gbagidi, ẹ̀rù bà á. Àwọn aládùúgbò Àǹtí Àgbà ló sì kún yàrá náà. Màmá lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ jáde. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n gé aṣọ náà láti ọrùn dé ìdí, àti èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà. Dókítà gbé ẹ̀rọ tó ń fi iná ta ọkàn jí dé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà náà. Ọkàn tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Egungun ìhà kán.

Àǹtí Àgbà yè. Àmọ́ nígbà tí wọ́n padà sílé, yíyè wọn kọ́ ni àdúgbò ń sọ, ìhòòhò wọn ni. Àǹtí Àgbà ní ó sàn kí àwọn kú pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Ẹbí pe ìpàdé. Màmá kúnlẹ̀, wọ́n tọrọ àforíjì pé àwọn kò kí ẹ̀gbọ́n ọkọ àwọn. Nígbà tí ẹbí ní kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ nítorí aṣọ, wọ́n dìde. Wọ́n ní irọ́ ni àwọn máa pa, nítorí bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, àwọn á tún gé e. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rán aṣọ náà padà, wọ́n fi ránṣẹ́. Ó padà dé bí wọ́n ṣe dì í. Láti ìgbà náà Àǹtí Àgbà kò wọ ilé wa. Bàbá wa ń jẹun nílé méjèèjì, òjò ni wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi méjèèjì.

Màmá fẹ̀yìn tì ní 2010. Wọ́n ń kọ́ àwọn awakọ̀, àwọn olùkọ́ àti àwọn agbàlejò ìjọ bí a ṣe ń tẹ àyà, wọn kì í sì gba ohunkóhun. Ìjọ wọn mọ̀ pé ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni wọ́n ń jókòó sí. Àdúrà wọn kì í gùn. Wọ́n ní Ọlọ́run kì í ṣe ẹni tí à ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún léraléra. A ò ní parọ́ pé wọn kì í bínú. Wọ́n ń bínú, ó sì máa ń pẹ́. Bàbá wa kú ní 2016. Màmá àti Àǹtí Àgbà wà níbi ìsìnkú, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní 2022 ni jẹjẹrẹ dá Màmá dùbúlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pe Àǹtí Àgbà. Àwọn fúnra wọn ló fi ọ̀pá rìn wá, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, mi ò tíì gbàgbé aṣọ yẹn o."

Màmá ní, "Ẹ ṣì wà láyé tẹ́ ẹ fi ń rántí ẹ̀, Àǹtí."

Àǹtí Àgbà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Wọn ò padà sílé mọ́. Àwọn ló ń wẹ Màmá. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á lé gbogbo wa jáde, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á fa kọ́tìnì. Kò sí ẹni tí wọ́n jẹ́ kó wo Màmá ní ìhòòhò, àwa ọmọ pàápàá.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún náà ni Màmá kú, láàárọ̀. Àǹtí Àgbà nìkan ló wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n wọ aṣọ fún wọn, wọ́n de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, kí wọ́n tó pè wá wọlé.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ọmọ mẹ́ta, aránṣọ kan, oníṣẹ́ iná kan àti olùkọ́ kan, àwọn ọmọ-ọmọ, àwọn àbúrò, dókítà tí wọ́n bá ṣiṣẹ́, àti Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn.

Màmá, iṣẹ́ tó. Ẹ sùn ire.