Sí Dáre, Tó Ti Wọ Ìjọ Línọ́ọ̀sì

Dáre ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó? Àwa ní Ìkọ̀lé wà láàyè, iṣu ta dáadáa, ewúrẹ́ mi sì bí ìbejì. Olúwa tó ń ṣọ́ ewúrẹ́ kò ní gbàgbé ìwọ náà. Àmín.

Fúnmilọ́lá àfẹ́sọ́nà rẹ wá sílé ní Ùsì, ó sì gun ọ̀kadà wá kí mi. Mo gún iyán fún un, omijé kò jẹ́ kó gbé òkèlè kan mì. Ó ní o pe òun ní ẹrú Wíńdò lójú àwọn ọ̀rẹ́ yín, òun náà pè ọ́ ní agbawèrèmẹ́sìn Línọ́ọ̀sì, láti ìgbà náà ẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́, òun ò sì mọ̀ bóyá káwọn òbí òun ṣì máa retí wa fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àyà mi já. Dáre, o ò sọ fún wa pé o ti fi Áńgílíkà sílẹ̀.

Mo bi í pé kí ni Línọ́ọ̀sì. Ó ní Línọ́ọ̀sì ló ń gbé inú kọ̀ǹpútà, tó sì ń darí rẹ̀, pé Wíńdò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ tìrẹ ọ̀fẹ́ ni, o sì ń wàásù rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó o bá rí. Ó yé mi. Mo wá rántí ẹyẹ tó wà láyà ẹ̀wù rẹ nínú fọ́tò Kérésì, ẹyẹ sísanra tó dúró bí àlùfáà. Pẹ́pẹ́yẹ ni mo pè é tẹ́lẹ̀. Fúnmilọ́lá ní àmì yín ni, pé kò lè fò.

Bàbá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ń ri ènìyàn bọmi níbẹ̀. Bàbá Fájọbí, ẹ̀gbọ́n wọn tó ń bọ Ògún, bèèrè èèwọ̀ yín, bóyá ẹ ń jẹ ẹyẹ, torí adìẹ la fẹ́ sè. Wọ́n tún ní ṣebí irin ni kọ̀ǹpútà, uṣẹ́ Ògún ni uṣẹ́ ẹ̀yin méjèèjì, ẹni tó bá pe ará ulé rẹ̀ lẹ́rú níwájú irin, ajá ni yóò fi bẹ̀bẹ̀. Mo ní ká má tíì dé orí ajá.

Ọmọ mi, Àgùdà ni mí. Nígbà tí bàbá rẹ ń fẹ́ mi, àwọn ará ilé wọn ń pè mí ní abọ̀rìṣà Màríà, àwọn tèmi ń pe bàbá rẹ ní onísìn Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Títí dòní ni mo ṣì ń fa bàbá rẹ wá sí Àgùdà, wọn ò wá. Àmọ́ bí òjò bá ń rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ló ń mú agbòòrùn sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa kí wọ́n tó yà sí tiwọn. Ìrẹsì ìjọ méjèèjì lo jẹ dàgbà, inú kò run ọ́.

Nítorí náà, pe Fúnmilọ́lá lórí fóònù, kó o bẹ̀ ẹ́. Má wàásù. Sìn ín dé ẹnu ọ̀nà Wíńdò rẹ̀, kó o sì mú agbòòrùn dání.

Fi owó ọkọ̀ Ùsì ránṣẹ́, kó o fi ti bàtà bàbá rẹ kún un. Níwọ̀n bí ìjọ yín ti jẹ́ ọ̀fẹ́, tí wọn kì í gbé igbá ọrẹ, mo mọ̀ pé owó á wà lọ́wọ́ rẹ.

Ọlọ́run á so yín pọ̀, ilé yín á tòrò. Ẹyẹ yẹn náà, mo ti mú un dé iwájú Màríà Mímọ́, á fò.

Ìyá rẹ ni.