Ọkọ́ Tí Ẹ Gbé Pamọ́ Dè Mí

Ìyá mi,

Òtútù Mọ́sìkò ní Rọ́ṣíà níbí kò dà mí láàmú. Ẹ ní délégéè tó ń ṣe olórí abúlé wa ní Adakplamè ń bèèrè iṣẹ́ tí mò ń kọ́. Ẹ sọ fún un pé ihò wẹ́wẹ́ máa ń wà nínú irin. Mò ń fi ìṣirò wá òpin ẹrù tí irin bẹ́ẹ̀ lè rù kó tó fà ya. Iṣẹ́ ńlá ni.

Odile, ìwọ tí ò ń kà á fún wọn, bí àlejò bá wà nílé, má ka ìyókù sókè.

Ìyá, ẹ má gbé ọkọ́ tó kán yẹn dè mí mọ́ pé èmi ni n ó tún un ṣe. Orí ìwé ni mo ti mọ irin. N kò tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé e fún Sìdíkù alágbẹ̀dẹ kí òjò tó dé.

Ẹ bá mi kí i. Ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ gbé ọkọ́ náà wá.

Théophile yín